Kọ́mà Òkè Tí Mo Fi Ba Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́ Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Ìyá Kọ́mà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí ohun tí mo bò mọ́lẹ̀ ti fẹ́ bò mí mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ti lọ fún ọdún méjìlélógún, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ òótọ́ lẹ́yìn rẹ̀ báyìí. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lọ́fun. Ó ní bí mo bá tilẹ̀ jí, ó ṣeé ṣe kí n má lè sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀bẹ dókítà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ìwé kékeré kan, ẹlẹ́yìn búlúù, tó wà lábẹ́ aṣọ òtútù mi nínú àpótí, òun ni. Lánàá, ọmọ mi obìnrin ń di ẹrù tí màá gbé lọ sí ọsibítù, ló bá fa ìwé náà yọ, ó ní, “Màmá, ìwé ta nìyí?” Mo ní n kò mọ̀. Ẹ wo àgbàlagbà bíi tèmi, tó ti ń wo ojú ikú, mo tún pa irọ́ kan náà gan-an tí mo pa nígbà náà. Bí ọmọ náà ti kúrò nínú yàrá, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì mọ̀ pé mo ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọwọ́ mi náà tó kọ̀.

Ọmọ mi á ka èyí pẹ̀lú yín, kò sì mọ iṣẹ́ wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á fún un. Ilé ìtẹ̀wé ni a wà. Kí ẹ̀rọ ńlá tó tẹ ìwé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n á gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ wá bá mi ní yàrá àyẹ̀wò, màá fi gègé pupa wá àṣìṣe inú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú ìwé wọ̀nyẹn, àmì tó sì ń da ènìyàn láàmú jù nínú Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí wọ́n ń pè ní àpọ́sítírófì. Àwa ń pè é ní kọ́mà òkè, torí kọ́mà ni, àfi pé ó fò sókè, kò fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sílẹ̀. Iṣẹ́ méjì péré ló ní. Ó ń dúró níbi tí lẹ́tà kan ti sọnù, ó sì ń fi ẹni tó ni nǹkan hàn. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló ni ín, ó ń jókòó ṣáájú s. Bí wọ́n bá pọ̀, tí s ti wà nídìí orúkọ wọn tẹ́lẹ̀, ó ń bọ́ sẹ́yìn s. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ mo ti rí ọ̀gá iléèwé tó kọ tòmátò mẹ́wàá sínú ìwé, tó wá fún wọn ní kọ́mà òkè, “tomato's”, bí ẹni pé tòmátò ní dúkìá. Èmi kì í ṣì í. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò tó mi nínú ilé iṣẹ́ náà, mo sì ń gbé e kiri bí adé. Ìgbéraga ni, mo mọ̀, ẹ máa kà á mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́ ni taipísì wa nígbà náà, ọ̀dọ́kùnrin tó ga, tí kì í pariwo. A sọ ọ́ ní Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́ torí bó ṣe ń tẹ taipuráítà, ẹ ó rò pé ọmọ tuntun ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Àǹtí ló ń pè mí, èmi náà ń pè é ní àbúrò mi. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ́, àfi tó bá kan kọ́mà òkè. Bàbá rẹ̀, olùkọ́ ayé àtijọ́, ló kọ́ ọ ní kíkọ èdè wa, lásìkò tí wọ́n ṣì ń kọ “ní ilé” ní “n'ílé”. Bàbá náà sọ fún un pé, “Níbi tí ẹnu bá ti gbé lẹ́tà mì, gbé kọ́mà òkè síbẹ̀.” Òótọ́ ni bàbá sọ, ṣùgbọ́n ọmọ kó o wọ inú Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́tẹsẹ̀. Lẹ́tà tí kò bá ti gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, bó tilẹ̀ jókòó síbẹ̀ gbagidi, Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́ á gbé àmì tì í. Nínú “often”, kò gbọ́ t, nítorí náà ó ń kọ “of'ten”. Níbi tó sì yẹ kí àmì wà, fún ẹni tó ni nǹkan, kì í fi ohunkóhun síbẹ̀, torí nínú èdè tiwa a kì í fi àmì sọ pé bàbá ló ni ilé. Ilé bàbá ni ilé bàbá. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe àṣìṣe méjèèjì pọ̀, bí ẹ bá ti rí wọn nínú ìwé kan, kò sí pé ẹ ń béèrè ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Mánéjà wa á gbé ìwé náà sókè níwájú gbogbo wa, á ní, “Ẹ bá mi mú ẹni tó ń su kọ́mà káàkiri ibí yìí.” A ó rẹ́rìn-ín, Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́ náà á bá wa rẹ́rìn-ín, á sì tẹrí ba mọ́ taipuráítà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó dúró dè mí títí gbogbo wọn fi lọ jẹun ọ̀sán. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò fún ẹni tí yóò máa ràn yín lọ́wọ́ ní yàrá àyẹ̀wò. Mo fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́, bí mo bá fìdí rẹmi wọn ò ní jẹ́ kí n gbádùn.” Oṣù mẹ́ta la fi ṣe é, láàárín ìdì bébà lẹ́yìn ilé iṣẹ́, tòun ti búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó ń kọ gbólóhùn sínú ìwé búlúù yẹn, èmi ń fi pupa máàkì rẹ̀, màá kọ déètì, màá fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tó yé e pé àmì náà lè fi ẹni tó ni nǹkan hàn, ó dìde dúró, ó ní, “Àǹtí, ṣé bó ṣe rí nìyí látọjọ́ yìí tí mò ń bá a jà?” Gbogbo ìwé tó bá tẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ ń dé, nítorí náà èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́. Ìwé búlúù náà wà lọ́dọ̀ mi fún máàkì lọ́sẹ̀ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀.

Mánéjà ló fa ọ̀ràn, tàbí kí n sọ pé ẹ̀rù tó dá bà mí ló fà á. Ọkùnrin náà lọ sí ìpàdé kan, ó rí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kò sì gbádùn mọ́. Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá mi, ó ní, “Ìyá Kọ́mà, ẹ̀rọ kan ń bọ̀ tó ń rí àṣìṣe fúnra rẹ̀. Ẹ ó lọ sinmi nílé.” Bóyá ó fi ṣeré ni, bóyá kò fi ṣeré, n kò mọ̀ títí dòní. Ọkọ mi ti kú, ọmọ mi ṣì wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀ láyé. Ilé iṣẹ́ wa ló ń tẹ ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé, mo wá pinnu láti kọ lẹ́tà aláìlórúkọ sí Màmá tó ni ilé iṣẹ́, kí n sọ pé mánéjà ń yọ ìbéèrè fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, kí wọ́n lè lé e kúrò kó tó ra ẹ̀rọ náà. Irọ́ gbuu ni. Ọkùnrin náà kò yọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni, wọ́n ti lọ jẹun. Mo jókòó sídìí taipuráítà, mo tẹ ìlà kan, mo kà á, àyà mi sì já. Gbogbo kọ́mà òkè wà níbi tó yẹ. Látòkè délẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ náà, ta ló ń fi kọ́mà òkè síbi tó yẹ? Bí mo bá fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́, kí n kúkú kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo fà á yọ, mo rún un mọ́wọ́, mo fi òmíràn sí i, mo fẹ́ kọ ọ́ bí ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣi. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìnlá tún àṣìṣe ṣe kò ní àṣìṣe kankan tó lè pè ní tirẹ̀. Àṣìṣe ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ sórí, ìka mi bá gba ibẹ̀ lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ báyìí: “The managers friend of'ten comes for the papers.” Ọ̀rẹ́ mánéjà ni mo fẹ́ sọ, n kò sì fún mánéjà ní àmì tó fi ni ọ̀rẹ́, mo wá lọ gbé àmì sínú “often”, níbi tí kò níṣẹ́ kankan. Mo sọ fún ara mi pé n kò fẹ́ kó bá Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́, pé mo kàn fẹ́ fi nǹkan bora ni. Ẹlẹ́tàn. Aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ni mo wọ̀ lọ jalè, mo sì mọ ẹni tó ni ín.

Màmá oníléeṣẹ́ kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú lẹ́tà náà. Wọ́n ní kí mánéjà lọ jókòó sílé, ọlọ́pàá dé, àwọn ará ọ́fíìsì ìdánwò dé, wọ́n ń ka àpò ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo èdìdì wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ìyàwó mánéjà wá lọ́jọ́ kan, ó ń bi wá pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ní ọkọ mi ṣe?” Èmi ni mo bu omi fún un mu. Nígbà tí wọ́n rí i pé èdìdì kankan ò já, wọ́n pè é padà, ó ti rù hangogo. Ó wá kù kí wọ́n mọ ẹni tó purọ́ mọ́ ọn, ọlọ́pàá sì ní ẹni náà á fẹ̀wọ̀n jura. Bí ẹsẹ̀ bá ti dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá gbé gègé bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Mò ń fọwọ́ nígbà mẹ́wàá lóòjọ́ bí ẹni pé yíǹkì taipuráítà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi iná sórí òrùlé, mo sì ń wá ibi tí màá sùn sí lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Màmá ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo gbé àpò mi dání, mo sọ ọ́ kalẹ̀ sábẹ́ àga. Mánéjà dúró létí fèrèsé. Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì, wọ́n fi ife tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí fáànù má bàa gbé e. Màmá ní, “Mánéjà ní òun mọ ẹni tó kọ ọ́. Ó ní àwọn kọ́mà yìí ń pariwo orúkọ Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́. Èmi ò fẹ́ torí ohun tí mi ò mọ̀ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ìwọ lo mọ àmì, wò ó dáadáa.” Mo mú lẹ́tà tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀, mo ń kà á bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Mo ti pinnu ohun tí màá sọ. Mo ní, “Màmá, àṣìṣe pọ̀ láyé, a ò lè torí ẹ̀ mú ènìyàn.” Mo rò pé mo ti yọ, Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́ náà sì ti yọ. Màmá mirí sí i. Ó ní, “Òótọ́ ni. Ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn ló sín in jẹ, ẹni tó mọ àṣìṣe rẹ̀ bí ẹni mowó. Ta ni ìyẹn lè jẹ́ níbí?” Mo fi ọmọ mi búra, obìnrin náà kò fura sí mi, ó kàn ń béèrè ni. Ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì bò mí, mo rí ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé tí kò sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn fún un. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, “Màmá, ọwọ́ rẹ̀ ni. Ẹ wo ibi tí àmì wà. Kò sí ẹlòmíràn tó ń fi síbẹ̀.”

Wọ́n pè é. Ó wọlé tòun ti tówẹ́ẹ̀lì kékeré tó fi ń nuwọ́, wọ́n fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́. Ó kà á, ó tiẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, kọ́mà yìí jọ tèmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n tèmi àtijọ́ ni. Mi ò kì í fi síbẹ̀ mọ́. Àǹtí ti kọ́ mi, ó ti pé oṣù mẹ́ta. Ìwé mi wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi pupa máàkì ẹ̀, déètì wà níbẹ̀.” Ó wá yíjú sí mi. Kò sí ẹ̀rù kankan lójú rẹ̀, ohun tó ń pa mí nìyẹn títí dòní. Ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún wọn.” Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ẹ lè fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rù. Èyí tó kàn yìí, èmi ni mo ṣe é. Mo ní, “Ìwé wo?” Ó ní, “Ìwé búlúù, Àǹtí.” Mo ní, “Mi ò mọ ìwé kankan. Mi ò kọ́ ẹ ní nǹkan kan rí.” Mánéjà ní, “Èyí tó ń tẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan yìí ńkọ́? Kò sáṣìṣe níbẹ̀.” Mo ní, “Èmi ni mò ń tún wọn ṣe.” Ìwé náà wà nínú àpò mi lábẹ́ àga, igun rẹ̀ ń gún mi lọ́rùn ẹsẹ̀. Mo rí ìgbà tó yé e. Kò bú mi, kò ké, kò ní kí wọ́n tú àpò mi, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú kan péré ni ìbá gbà wọ́n. Ó ká tówẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sí méjì, ó ní, “Ó dáa, Àǹtí.”

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá kí Màmá tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n lé e níṣẹ́, mánéjà sì kọ̀wé sí gbogbo ilé ìtẹ̀wé tó mọ̀, kò sí èyí tó jẹ́ gbà á. Kọ̀ǹpútà dé lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, títí dòní kò mọ ìyàtọ̀ láàárín “its” àti “it's” tó bá di dandan. Wọn ò lé mi, wọ́n tún sọ mí di olórí yàrá. Lásán ni mo fi ọmọ náà rúbọ. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn mi, mo máa ń rò pé òun ni; bí lẹ́tà bá dé, mo máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí kọ́mà rẹ̀ wà. Mo gbé ìwé náà síwájú sítóòfù lẹ́ẹ̀mẹta, mo rántí máàkì pupa inú rẹ̀, n kò lè jó o.

Lóṣù tó kọjá, èmi àti ọmọ mi ń bọ̀ láti ilé oògùn, mo fi aṣọ dí ẹnu mi torí ikọ́. Àkàbà kan dí ọ̀nà lójú pópó, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń hewú wà lórí rẹ̀, ó ń kun pátákó ilé oúnjẹ kan. Ó ti kọ ọ́ ní “DRIVERS' CANTEEN”. Oníbàárà rẹ̀ ń bá a jà nísàlẹ̀, ó ní iwájú s lòun máa ń rí i. Ọkùnrin náà ní, “Awakọ̀ mélòó ló ń jẹun níbí?” Oníbàárà ní, “Wọ́n pọ̀.” Ọkùnrin náà ní, “Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ̀yìn ló ń gbé. Àǹtí mi kan ló kọ́ mi.” Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn, ti Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́. Kò pè mí ní òpùrọ́, kò pè mí ní ọ̀dàlẹ̀. Àǹtí mi kan, ló wí. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, mo gba òdìkejì títì lọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sábẹ́ mọ́tò. Ọmọ mi ní, “Màmá, kí lẹ rí?” Mo ní kò sí.

Lọ́la, màá lọ béèrè rẹ̀ ní ilé oúnjẹ yẹn nígbà tí ohùn ṣì wà lẹ́nu mi, màá pè é lórúkọ, màá fi ìwé rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Bí ẹ̀rù bá tún dá mi padà lójú ọ̀nà, ohun tí mo kọ yìí ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kà á sókè ní yàrá àyẹ̀wò, ẹ mú un tọ àwọn tó jogún ilé iṣẹ́ lọ, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú fáìlì ẹ̀sùn. Ẹ bá mi bẹ mánéjà àti ìyàwó rẹ̀. Màmá oníléeṣẹ́ ti kú, ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀rù á bà yín lọ́jọ́ kan, kò sẹ́ni tí kì í bà. Ẹ jẹ́ kó bà yín, kẹ́ ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kó bá yín sọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu. N kò ní kí Tẹ̀ẹ́jẹ́jẹ́ dárí jì mí. Mo kàn fẹ́ kó gbọ́ “èmi ni” láti ẹnu mi. Mo ṣí ìwé búlúù náà láàárọ̀ yìí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjìlélógún. Gbólóhùn tó kọ gbẹ̀yìn, èyí tó fi fẹ́ fi hàn mí pé ó ti yé òun, nìyí: “My teacher's word is true.” Ọ̀rọ̀ olùkọ́ mi, òótọ́ ni. Kọ́mà òkè rẹ̀ wà ṣáájú s, torí olùkọ́ kan ṣoṣo ló ní. Mo fi pupa máàkì rẹ̀ pé ó gbà á.